Owó Ìkẹyìn Lẹ́nu Iṣẹ́: Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Náà Ti Wá

(A kọ ọ́ sílẹ̀ látinú ohùn márùn-ún tí bàbá wa fi ránṣẹ́ lálẹ́ Sunday, fún àwọn tí dátà wọn kò gbé e àti àwọn tí kò ráyè gbọ́ ọ. A yọ ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.)

OHÙN KÌÍNÍ

  Àwọn tó wà ní Mile 1, àwọn Mile 3, àwọn tó ń ná Oil Mill lọ́jọ́ Wednesday, àwọn ará Creek Road ní Town, gbogbo yín ni mo kí. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọlọ́run á jẹ́ ká fi èrè délé.

Ẹ mọ̀ pé ìtàn ni mo máa ń sọ lálẹ́ Sunday. Ti òní, ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ ló fà á. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ní ọmọbìnrin kan tó ti ń bá a tajà fún ọdún mẹ́rin. Lọ́jọ́ Friday, ọmọ náà ní òun ń lọ, pé Saturday ni òun máa bọ́ sọ́kọ̀. Ìyá wa ní kò burú, ṣùgbọ́n ọjà kan ti dín nínú ìṣírò, òun kò ní san owó oṣù tó kẹ́yìn. Ọmọ náà sunkún lọ bá alága. Ariwo wá gba inú group yìí kan. Ẹnìkan ní ọmọ náà ya aláìmoore. Ẹlòmíràn ní ìyá wa fẹ́ jẹ owó ọlọ́mọ. Ẹnìkan tiẹ̀ kọ ọ́ síbí pé, "Ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń san owó fún ẹni tó ń sá lọ?"

Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n gbé fóònù. Ta ló gbọ́ ọ rí? Wọ́n ti gbọ́ ọ rí o. Àwọn kan ti kú lé e lórí, kò sì jìnnà síbi tí a ti ń tajà yìí. Alága ti ní ká gbé ẹjọ́ náà dé ìpàdé Sunday tó ń bọ̀. Èmi kò ní dá a lálẹ́ yìí. Mo kàn fẹ́ ká mọ ibi tí a ti ń bọ̀ kí a tó jókòó.

OHÙN KEJÌ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé wa. Láyé àwọn bàbá wa, kò sí ohun tó ń jẹ́ owó oṣù. Bí iṣẹ́ oko bá pọ̀, a bẹ ọ̀wẹ̀, onílé fún wọn ní oúnjẹ àti ẹmu, ó tán. Tàbí kí àwọn ọ̀dọ́ dá àáró, lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Ẹni tó ń gba owó ni alágbàṣe. Òun, wọ́n á bá a dá iye poro tó máa kọ, wọ́n á dá iye tó máa gbà. Bó bá ti kọ ọ́ tán, owó rẹ̀ dé nìyẹn. Ẹ wò ó dáadáa: fún alágbàṣe, owó iṣẹ́ àti owó ìkẹyìn, ọ̀kan náà ni. Kò sí àyè fún ọ̀gá láti di nǹkan mú sọ́wọ́.

Ìwọ̀fà tún wà. Ẹni tó yá owó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sìn lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò dín gbèsè kù, èlé lásán ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá san odidi owó náà padà ló tó lè lọ. Ó lè sìn fún ọdún mẹ́wàá, lọ́jọ́ tó ń lọ kò ní gba kọ́bọ̀. Nígbà tí mo bá ń gbọ́ kí ọ̀gá máa wí pé "mo bọ́ ọ, mo fún ọ níbi tí o sùn, kí lo tún ń bèèrè?", ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà ni mo ń gbọ́ yẹn.

Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, tirẹ̀ yàtọ̀. Nílé wa, òun àti òbí rẹ̀ ló ń ná owó lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù, ọ̀gá á gbàdúrà fún un, ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìgbò tí a jọ wà lọ́jà níbí, ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe igba boi. Ọmọ á sin ọ̀gá fún ọdún márùn-ún, mẹ́fà, méje, láìgba owó oṣù. Bó bá parí, ọ̀gá gbọ́dọ̀ "settle" rẹ̀: kó fún un lówó tàbí ọjà tó máa fi dá ìsọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo owó ọdún wọ̀nyẹn wà nínú ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn. Bí ọ̀gá bá jẹ́ olóòótọ́, ọ̀nà yẹn dára gan-an, ó ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà di olówó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ èyí tí wọ́n máa ń fẹ̀sùn olè kàn nígbà tó bá ku oṣù mẹ́ta kó gba òmìnira. Ibi tí owó bá ti pọ̀ ní ìkẹyìn, ibẹ̀ ni ẹ̀sùn ti ń pọ̀ ní ìkẹyìn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

OHÙN KẸTA

Ìlú tí a wà yìí, owó iṣẹ́ ló dá a sílẹ̀. Ní 1909, wọ́n rí èédú nílẹ̀ Udi, lẹ́bàá ibi tó di Enugu. Òyìnbó ń wá etí omi tí wọ́n máa gbà kó o jáde. Wọ́n rí i níbí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èbúté. Ní 1913 ni wọ́n fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tó ń bójú tó àwọn ìlú tí wọ́n ń ṣàkóso láti London, sọ ọ́. Ní 1916, reluwé dé Enugu, èédú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá sí wharf wa. Àwọn ará wa náà wà lára àwọn tó bá iṣẹ́ reluwé àti iṣẹ́ ìjọba rìn káàkiri nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tó wà ní ìlú òkèèrè, ìwé iṣẹ́ ló gbé bàbá wọn débẹ̀, kì í ṣe ọjà.

Ìgbà yẹn ni nǹkan yí padà. Alágbàṣe ń gba tirẹ̀ bí iṣẹ́ bá parí. Òṣìṣẹ́ ìjọba, oṣù gbọ́dọ̀ pé. Ìyẹn ni pé ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù, ọ̀gá ti jẹ ọ́ ní owó ọjọ́ 25. Bó bá lé ọ lọ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ wà níta. Gbogbo ìjà tí mo fẹ́ sọ yìí, inú àlàfo yẹn ló ti jáde.

Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yanṣẹ́ lódì fún ohun tó ju ọjọ́ 40 lọ nítorí pé ogun ti sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, owó wọn kò sì yí padà. Michael Imoudu ti reluwé wà nínú àwọn aṣíwájú wọn. Wọ́n ti yọ Imoudu lẹ́nu iṣẹ́ ní 1943, wọ́n lé e kúrò l'Ékòó, ọdún 1945 yẹn ló tó padà. Ọdún kan náà ni ìjọba ṣe òfin iṣẹ́ ńlá kan, Labour Code.

Lẹ́yìn náà ni ti Enugu. Àwọn tó ń gbẹ́ èédú ní Iva Valley ní owó wà lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ jẹ wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n san án. Iléeṣẹ́ ní kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Nínú November 1949, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ falẹ̀. Wọ́n dá àwọn kan nínú wọn dúró. Àwọn tó kù kọ̀, wọn kò kúrò níbi iṣẹ́, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí àwọn bá jáde, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn síta. Lọ́jọ́ 18 November, àwọn ọlọ́pàá wá kó ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta kúrò níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ péjọ, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó. Ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn. Ènìyàn 21 ló kú.

Ìròyìn náà sọ̀ kalẹ̀ bí èédú ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Rògbòdìyàn bẹ́ ní Aba, ní Calabar, ní Onitsha, àti níbí ní Port Harcourt. Nítorí náà, ẹni tó bi mí pé ta ló gbọ́ ọ rí, ẹ bá mi sọ fún un pé ojú títì tó ń rìn lónìí gbọ́ ọ ní 1949.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn tí ariwo kò pọ̀ lórí rẹ̀. Ní Geneva, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO, ṣe àdéhùn kan lórí ìdáàbòbò owó iṣẹ́. Ó sọ níbẹ̀ pé bí iṣẹ́ láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ bá ti parí, kí wọ́n parí ìṣírò gbogbo owó tó kù, kí wọ́n san án bí òfin ìlú bá ṣe wí, tàbí láàárín àkókò tó bójú mu. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 1960, ọdún tí a gba òmìnira.

Ẹ jẹ́ kí n mu omi.

OHÙN KẸRIN

Mo ti dé o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tí a ń lọ sájò, torí ẹni tó wà nílé lè lọ bá ọba ìlú rẹ̀. Ẹni tó wà lájò, ta ló fẹ́ lọ bá?

Láti 1942, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sípéènì bá ara wọn ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa kó òṣìṣẹ́ láti Nàìjíríà lọ sí erékùṣù Fernando Po, lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó. Àwọn ará ìhín ń pe ibẹ̀ ní Panya. Calabar ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀. Ìwé àdéhùn wà, iye ọdún wà, wọ́n sì ń di apá kan nínú owó iṣẹ́ wọn mú títí wọn á fi parí. Wọ́n ní kí wọ́n má baà ná an tán sóko ni. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá kò lè bínú sí ọ̀gá. Bí wọ́n bá nà án, á gbà á mọ́ra. Bó bá sá, owó ti lọ. Nígbà tí ibẹ̀ gba òmìnira ní 1968, tí Macías Nguema gorí oyè, ìyà àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí i. Láàárín 1975 sí 1976, ìjọba wa lọ fi ọkọ̀ kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn wálé. Ẹni tí wọ́n bá wá kó báyìí, ẹ rò ó, ìṣírò wo ló fẹ́ dúró ṣe?

Tiwa gan-an ni Ghana. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjigbò, Ìnísà, Ọ̀fà, ẹ mọ̀ ọ́n ju mi lọ, torí àwọn òbí yín ni. Lọ́jọ́ 18 November 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wo ọjọ́ yẹn: ogún ọdún gééré sí ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn ní Iva Valley. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹni tó ti tajà láwìn fún gbogbo abúlé, báwo ló ṣe fẹ́ gba owó rẹ̀ jọ? Ẹni tó jẹ́ òṣìṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ lọ, ṣé á yára san án? Àwọn tó jẹ wá lówó, ṣe ni wọ́n jókòó tí wọ́n ń ka ọjọ́.

Kí a má ro pé àwa nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ní January 1983, àwa náà lé àwọn ará Ghana. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fún wọn. Àpò tí wọ́n gbé lọ, títí dòní "Ghana must go" ni à ń pè é. A fi orúkọ náà ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn bíríkìlà, àwọn tíṣà, àwọn ọmọọ̀dọ̀ tó gbé àpò yẹn, mélòó nínú wọn ni ọ̀gá ọmọ Nàìjíríà san owó oṣù January fún?

Èmi alára, nínú storekeeper ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ní Port Harcourt, ní iléeṣẹ́ kan ní Trans Amadi. Ẹ má bi mí léèrè orúkọ rẹ̀. Ọdún keje mi níbẹ̀, a débi iṣẹ́ lọ́jọ́ Monday, a bá àgádágodo lẹ́nu géètì. Owó oṣù mẹ́ta wà nínú ilé. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni mo ń lọ dúró lẹ́nu géètì yẹn ní Friday, títí ìyàwó mi fi ní kí n jọ̀ọ́, kí n fi owó ọkọ̀ yẹn ra gàárì. Fáànù àti rédíò tí mo tà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ òwò.

Ó yẹ kí ẹni tí wọ́n ṣe báyẹn fún mọ̀, àbí? Lọ́dún bíi mélòó lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin kan tó ń bá mi tajà ní òun ń lọ. Inú bí mi, torí ìgbà Kérésì ni. Mo wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀, mo di owó oṣù rẹ̀ mú. Kò bá mi jà. Ó kí mi, ó lọ. Nígbà tí mo ṣe ìṣírò ọjà ní January, mo rí i pé èmi ni mo ṣì í kà. Mo wá a títí, wọ́n ní ó ti kúrò ní Port Harcourt. Owó yẹn wà lọ́rùn mi títí dòní. Ẹni tó bá ro pé mo ń bá ìyá wa wí lálẹ́ yìí, kó mọ̀ pé ara mi ni mo ń bá wí.

OHÙN KARÙN-ÚN

Ó kù díẹ̀ kí n parí. Òfin iṣẹ́ tí à ń lò lónìí, ayé ológun ni wọ́n ṣe é, Decree 21 ti 1974. Ó ti di Labour Act báyìí. Kò pọn dandan kí ìwé wà láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ kó tó mú wọn, àdéhùn ẹnu náà wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó kan ọ̀rọ̀ wa.

Àkọ́kọ́, nótíìsì. Bí àdéhùn kò bá ti sọ iye tirẹ̀, iṣẹ́ tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan. Oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ló dè, kì í ṣe ẹnìkan. Ẹni tí kò bá fẹ́ dúró lè fi owó dípò rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó sọ lọ́jọ́ Friday pé òun ń lọ lọ́jọ́ Saturday, kò ṣe dáadáa. Ó jẹ ìyá wa ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìkejì, owó. Òfin ní kí wọ́n ti san gbogbo owó iṣẹ́ tán ní ọjọ́ tí nótíìsì bá parí, tàbí ṣáájú rẹ̀. Owó ni o, kì í ṣe ọjà. Kí ọ̀gá má sọ pé "mú aṣọ mẹ́ta yìí dípò owó oṣù rẹ."

Ìkẹta, ọjà tó dín. Ibí yìí ni kí ẹ tẹ́tí sí. Ọ̀gá kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá owó ìtanràn lé òṣìṣẹ́ lórí, kó sì yọ ọ́ nínú owó rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tó ṣe àìbìkítà tí nǹkan fi sọnù, ọ̀gá lè yọ iye tó bójú mu, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lórí ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ìdí rẹ̀ kò lè ṣòro fún ọlọ́jà láti mọ̀. Ẹni tó fi ẹ̀sùn kàn kọ́ ló yẹ kó dá ẹjọ́, kó tún gba owó ẹjọ́.

Ìkẹrin, ìsinmi. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà láti sinmi, pẹ̀lú owó. Èyí tó lọ láàárín oṣù mẹ́fà sí 12, wọ́n á ṣírò tirẹ̀ fún un.

Àwọn kan á ní, "Bàbá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo mú wá, kì í ṣe òṣìṣẹ́." Òótọ́ ni, òfin yẹn yọ mọ̀lẹ́bí ọ̀gá sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dùn mọ́ yín nínú. Ibi tí òfin kò dé, ojú ẹ̀gbọ́n rẹ dé ibẹ̀.

Ṣé òfin yẹn ti wá ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ibi? Rárá o. Nigeria Airways kógbá sílé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 wọ̀nyí. Ọdún 2018 ni ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í san ìdajì owó tí wọ́n jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti kú, àwọn opó àti ọmọ ló wá tò sórí ìlà. Nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe òfin owó ìfẹ̀yìntì ní 2004, tí wọ́n tún un ṣe ní 2014: kí owó má sí lọ́wọ́ ọ̀gá mọ́, kó máa lọ sínú àpò òṣìṣẹ́ lóṣooṣù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní òṣìṣẹ́ tó tó 15, ó ti kàn yín. Ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, National Industrial Court, wà níbí ní Port Harcourt náà. Ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa dé ibẹ̀.

Ohun tí mo máa gbé síwájú ìpàdé nìyí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a ti pò pọ̀, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n. Ọjọ́ tí ọmọ náà ti ṣiṣẹ́, kí ìyá wa san án, láìfi nǹkan mìíràn kún un. Nótíìsì tí kò fún ìyá wa, kí ọmọ náà bẹ̀bẹ̀, kó padà wá ṣe ọ̀sẹ̀ méjì náà tàbí kí wọ́n jọ fi owó parí rẹ̀. Ọjà tó dín, kí àwọn méjèèjì jókòó pẹ̀lú ẹni kẹta, kí wọ́n tún un kà látinú ìwé. Bó bá jẹ́ pé ìwé kò sí, kí ìyá wa gbà pé kò sí ẹ̀rí. Láti ìsinsìnyí lọ, kí oníkálukú wa máa ka ọjà lóṣooṣù níṣojú ọmọ tó ń tà á, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ tí ọmọ ń lọ kó tó ka ọjà, olè ló máa rí, bó wà bí kò sí.

Àwọn Kristẹni inú wa mọ̀ pé Bíbélì ní kí owó alágbàṣe má sun ọ̀dọ̀ ọ̀gá di òwúrọ̀. Àwọn Mùsùlùmí mọ̀ pé Ànábì ní ká san án kí òógùn tó gbẹ. Èmi kò ní nǹkan fi kún un.

Ìyá wa, ẹ má bínú sí mi o. Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú group yìí bá sì mọ ọmọkùnrin kan tó bá mi tajà rí ní Mile 3, tó máa ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, tó kúrò nígbà Kérésì, ẹ bá mi sọ fún un pé owó rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó dàárọ̀ o.